Kíkó èrò rìn ní Jámánì nínú bọ́ọ̀sì: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí

Láti ìgbà tí mo ti ń kó èrò láti ìlú Ọba lọ sí Jámánì, kò sí òde ìnáwó tí mo lọ tí ẹnì kan kì í fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹlòmíì fẹ́ kọ́ṣẹ́ náà, ẹlòmíì fẹ́ kó ẹgbẹ́ tàbí ìjọ rẹ̀ lọ, ẹlòmíì kàn fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń sanwó fún mi láti máa gbafẹ́. Mo ti kó ìbéèrè wọn jọ síbí, kí n lè ráyè jẹ ìrẹsì mi ní òde tó ń bọ̀.

Ṣé iṣẹ́ kọ̀ndọ́kítọ̀ ni?

Ìyá mi ló kọ́kọ́ bi mí bẹ́ẹ̀. Ó jọ ọ́, àmọ́ n kì í gba owó ọkọ̀, n kì í sì í rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Èèyàn mẹ́ta lẹ máa bá pàdé lórí irú ìrìn-àjò yìí. Awakọ̀ ló ni ọkọ̀ àti ojú ọ̀nà. Atọ́nà ìlú ni ẹni tó ń gbé ibẹ̀, tó máa mú yín yí Heidelberg tàbí Rothenburg ká fún wákàtí kan ààbọ̀, tó máa sọ ìtàn ilé kọ̀ọ̀kan, tó sì máa gba ilé rẹ̀ lọ. Èmi ni ẹni kẹta. Èmi àti èrò la jọ kúrò nílé, a jọ máa padà ni. Bí omi gbígbóná kò bá yọ ní yàrá, èmi ni wọ́n ń pè. Bí bàbá kan bá gbàgbé eyín rẹ̀ sínú ife ní òtẹ́ẹ̀lì, èmi náà ni. Àwọn Jámánì ń pè wá ní Reiseleiter. Olórí ìrìn-àjò lèmi ń pè é. Iṣẹ́ náà kò ju kí n mọ ohun tí aago wí àti ibi tí olúkúlùkù wà. Òkè àti odò ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, wọn kò nílò ìrànlọ́wọ́ mi.

Ṣé ó di dandan kí n gbọ́ èdè Jámánì?

Kò di dandan, torí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ní abúlé etí odò Mosel, ìyá àgbà tó ń ta wáìnì nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ lè máà gbọ́ ju ìkíni lọ. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ iyì ìwọ̀nba tí ẹ kọ́. Ohun kan tiẹ̀ wà tó rọ àwa lọ́rùn ju àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lọ: Jámánì ní "ẹ" àti "o" bíi tiwa. Sie ni "ẹ", du ni "o". Mo ti rí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ du sí bàbá oní-òtẹ́ẹ̀lì, tí ojú bàbá yí padà. Ọmọ Yorùbá tó bá ti mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan kì í tún ṣì í sọ. Tí ẹ bá dé Bavaria, ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù Jámánì, "Grüß Gott" ni kí ẹ fi kí wọn.

Ibo ni kí ẹgbẹ́ tí kò dé Jámánì rí kọ́kọ́ lọ?

Etí odò Rhine àti Mosel, mi ò ní sọ méjì. Ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn: láti Calais ní etíkun Faransé dé Köln fi díẹ̀ ju 400 kìlómítà lọ, bọ́ọ̀sì tó bá kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìdájí á débẹ̀ kí oúnjẹ alẹ́ tó tutù. Ẹ sì lè dé sí òtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ní Boppard tàbí Cochem, kí ẹ máa ti ibẹ̀ jáde láràárọ̀. Àgbàlagbà kò fẹ́ máa di ẹrù tú ẹrù lójoojúmọ́.

Ibi tí gbogbo ayé ń lọ wò ni láti Bingen àti Rüdesheim títí dé Koblenz, kìlómítà 65 tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2002. Odò gba àárín òkè méjì kọjá, ọgbà àjàrà rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè bí àkàsọ̀, ilé olódi sì jókòó sókè lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ oníbodè nílẹ̀ wa láyé àtijọ́ kò ní pẹ́ lóye ohun tí ọ̀pọ̀ nínú ilé wọ̀nyẹn wà fún. Owó ibodè ni. Ìjòyè á dúró sókè, ọkọ̀ ọlọ́jà kò gbọdọ̀ kọjá láìsan. Ní Kaub, wọ́n kúkú kọ́ ibodè náà sórí àpáta láàárín omi. Pfalzgrafenstein lorúkọ rẹ̀, ó dà bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi òkúta mọ. Nínú àwọn ilé olódi orí òkè ibẹ̀, Marksburg tó wà lókè Braubach ni ogun kò fọ́ rí, nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ọ̀kan péré lẹ máa wọ̀, ẹ wọ ìyẹn. Ilẹ̀ àpáta àti àtẹ̀gùn rẹ̀ kò rọrùn fún orúnkún. Ẹ sọ fún wọn láti òru ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹni tó máa dúró mu kọfí nísàlẹ̀ lè ti pinnu láìsí ìtìjú.

Ohun tí ìwé ìpolówó kì í sọ ni pé kò sí afárá kankan lórí odò yẹn láti ẹ̀gbẹ́ Wiesbaden títí dé Koblenz. Ọkọ̀ tó ń gbé mọ́tò sọdá omi ni gbogbo wọn ń lò. Bí òtẹ́ẹ̀lì yín bá wà ní ìhà kan tí oúnjẹ ọ̀sán yín wà ní ìhà kejì, ẹ fi ìdúró kún ìṣirò yín. Èmi máa ń kó èrò wọ ọkọ̀ ojú omi ní Bacharach, bọ́ọ̀sì á gba etí odò lọ dúró dè wá ní Sankt Goar. Kí a tó dé ibẹ̀, odò á há, á sì yípo lábẹ́ Loreley, àpáta tó ga ní mítà 132. Wọ́n ní obìnrin kan máa ń jókòó sórí rẹ̀, á máa ya irun rẹ̀ tó dà bíi wúrà, á máa kọrin, àwọn atukọ̀ á máa wò ó títí ọkọ̀ wọn á fi forí sọ àpáta. Wọ́n ń fi orin rẹ̀ sí i bí ọkọ̀ bá ń kọjá. Mi ò tíì kó ẹgbẹ́ Yorùbá kan gba ibẹ̀ kí ẹnì kan má pariwo "Mami Wata!"

Ti Mosel rọra ju ti Rhine lọ, odò náà ń lọ́ bíi pé kò fẹ́ dé ibì kankan. Ilé olódi Cochem tí gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Faransé ti fọ́ ọ ní 1689. Ọlọ́rọ̀ kan láti Berlin ló tún un kọ́ ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà. Mo máa ń sọ ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya fọ́tò tán.

Báwo lẹ ṣe ń ka èrò tí wọ́n fi ń pé?

Ìbéèrè tó dára jù nìyí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo na ìka sí àwọn ìyá ìjọ kan lọ́kọ̀ọ̀kan, "kan, méjì, mẹ́ta", ìyá kan gbá ọwọ́ mi wálẹ̀. Ó ní ṣé ẹran ni wọ́n. Láti ọjọ́ náà, àga tó ṣófo ni mo ń kà. Bí ọkọ̀ bá ní àga 53 tí èrò jẹ́ 48, mo mọ̀ pé márùn-ún ló yẹ kó ṣófo. Ó yá ju kí a máa ka orí lọ, kò sì bí ẹnikẹ́ni nínú.

Àmọ́ ó ní ibi tó kù sí. Ní Rüdesheim, òpópónà kan wà tó ń jẹ́ Drosselgasse, kò gùn ju mítà 144 lọ, ó sì há débi pé bí ẹ bá na ọwọ́ méjèèjì, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Ilé ọtí àti ìlù ló kún un fọ́fọ́. Mo ní kí wọ́n padà ní aago mẹ́rin. Aago mẹ́rin lù, mo kà á, àga márùn-ún ló ṣófo, mo ní ó yá. A ti rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìyá kan tó bèèrè pé ta ni òyìnbó tó ń hanrun lẹ́yìn wọn. Bàbá Gẹ̀ẹ́sì kan ni, bọ́ọ̀sì funfun bíi tiwa ló gbé e wá, ó mu wáìnì, ó wọ ọkọ̀ tí kò jẹ́ tirẹ̀. Àgbà obìnrin tó ni àga yẹn ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ná aago onígi. Nígbà tí a padà dé, kò tiẹ̀ mọ̀ pé a ti lọ. Ó ní, "Ẹ ti tètè dé o."

Ní báyìí, bí mo bá ka àga tán, mo máa ń bèèrè nínú máìkì pé: ẹni tó jókòó tì yín lánàá, ṣé òun náà ló wà níbẹ̀ lónìí?

Àwọn èèyàn wa kì í tètè dé. Kí lẹ ń ṣe sí i?

N kì í purọ́ aago fún wọn. Àwọn kan máa ń sọ mẹ́ta ààbọ̀ kí èrò lè dé ní mẹ́rin. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i pé irọ́ ni, ọ̀rọ̀ yín ò tún ní ìwúwo mọ́. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni kí n wá àgbà kan nínú wọn, ìyálóde tàbí díkónì, kí n sì bẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ pé òun ni kí ó bá mi máa kó wọn bọ̀. Bí ìyálóde bá ti dìde, kò sí ẹni tó máa jókòó.

Awakọ̀ ní òun ò wa ọkọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ogún ìṣẹ́jú ló kù ká dé òtẹ́ẹ̀lì. Ṣé ó tọ́?

Ó tọ́, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Òfin Yúróòpù ni: lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lórí ìdarí, ìsinmi ìṣẹ́jú 45. Wákàtí mẹ́sàn-án ni gbogbo ìwakọ̀ fún ọjọ́ kan, ó lè di mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀. Lálẹ́, wákàtí 11 ló yẹ kó fi sinmi, wọ́n sì gbà á láyè láti dín in kù sí mẹ́sàn-án ní ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní tachograph wà nínú ọkọ̀ tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà sì lè dá yín dúró kí ó kà á.

Ilé-iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí kọ ọ́ sínú ìwé èrò pé a máa ti Bavaria dé Calais lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán àti ìyípo ìlú kan láàárín. Awakọ̀ wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà fún mi. Àtàárọ̀ ni mo fi ń tọrọ àforíjì fún ohun tí ẹni tó kọ ọ́ nínú ọ́fíìsì kò ní bá wa jìyà rẹ̀. Látìgbà náà, èmi àti awakọ̀ la jọ máa ń ka ètò ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, tìwé tìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ sì gbọ́ pé kò sí òdiwọ̀n eré lórí Autobahn, ọ̀nà márosẹ̀ Jámánì, ti mọ́tò kékeré nìyẹn, kì í sì í ṣe níbi gbogbo. Bọ́ọ̀sì èrò kò gbọdọ̀ kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan.

Ìyàwó mi ń fẹ́ lọ wo Igbó Dúdú (Black Forest). Ṣé ó tó ìrìn-àjò lọ?

Ó tó, bí inú rẹ̀ kò bá ń rú nínú ọkọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ ń yí bí ejò. Iwájú ni mo ń fi irú wọn sí, ọ̀rá sì máa ń wà lápò mi. Triberg ni ẹ lọ. Omi ń já láti òkè níbẹ̀ ní ìpele ìpele, mítà 163 lápapọ̀, ṣọ́ọ̀bù aago onílé ẹyẹ sì tò lọ sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí aago méjìlá bá yín nínú ọ̀kan. Ẹyẹ onígi á máa yọ orí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa ké, kò sì ní sí aago méjì tó bára mu. Nílé àwọn tó ń ṣe aago!

Ẹ tún béèrè fìlà obìnrin agbègbè Gutach, èyí tí wọ́n to owú róboróbo sí lórí. Ọmọge ń dé pupa, abilékọ ń dé dúdú, ojú kan lẹ ó wò tí ẹ ó fi mọ ilé ẹni tí ẹ lè rán alárinà lọ. Kéèkì èso ṣẹ́rì (cherry) ibẹ̀ gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n ọtí líle ń bẹ nínú rẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ nínú máìkì kí Alhaji tàbí màmá ajíhìnrere tó fi ṣíbí kan an.

Neuschwanstein ńkọ́, ilé olódi inú kàlẹ́ńdà yẹn?

Ọba Ludwig Kejì ti Bavaria bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1869. Ó kú ní 1886 láìparí rẹ̀, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí i fún aráyé láti máa sanwó wò ó. Ní 2025, UNESCO fi í sára ogún àgbáyé pẹ̀lú àwọn ààfin rẹ̀ mìíràn. Ó rẹwà, mi ò ní jiyàn. Àmọ́ fún olórí ìrìn-àjò, ibẹ̀ ni ìdánwò wà.

Tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí àti ìṣẹ́jú tirẹ̀ lára. Bí wọ́n bá kọ 11:25, 11:25 ni ẹnu ọ̀nà á ṣí fún yín. Bí ẹ bá dé lẹ́yìn rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ti kú. Bọ́ọ̀sì kò sì lè gòkè, ìsàlẹ̀ ní Hohenschwangau ló máa dúró. Ẹlẹ́sẹ̀ yíyá á fi ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú gun òkè. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin wà, bọ́ọ̀sì kékeré wà, ọ̀kankan nínú wọn kì í gbé yín dé ẹnu ilẹ̀kùn gan-an, àwọn méjèèjì ló sì ní èrò tó ń dúró. Nínú ilé, ìrìn náà kò ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, àtẹ̀gùn ló pọ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí a ya fọ́tò. Wákàtí méjì ni mo máa ń fi sílẹ̀ láàárín ìdúró bọ́ọ̀sì àti tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ní ó pọ̀jù. Wọn kò tíì bá ìyá ẹni ọdún 76 gun òkè yẹn rí.

Físà àti pásípọ́ọ̀tù?

Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù ìlú Ọba kò nílò físà fún ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180, àmọ́ pásípọ́ọ̀tù náà kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa jáde. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àmì ìka àti àwòrán ojú ní ibodè, nítorí náà ẹ fi àkókò sílẹ̀ fún ìdúró ní Dover, níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹni tó ń gbé ìlú Ọba tó sì jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba físà Schengen. Ilé Jámánì ni kó ti gbà á bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ti máa sun jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ló máa gbà wọlé. Owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 90 fún àgbàlagbà, adójútòfò ìrìn-àjò tó máa bo yúrò 30,000 sì pọn dandan. Ẹ lè kọ̀wé rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ẹ má dúró di oṣù kan. Ibi ìgbàwé kì í ní àyè. Kí n tó gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni mo ti ń bèèrè àwọ̀ pásípọ́ọ̀tù rẹ̀.

Ṣé a lè gbé oúnjẹ dání?

Ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe kò gbọdọ̀ ti ìlú Ọba wọ Yúróòpù nínú ẹrù èrò. Ẹran díndín, kílíṣí, búrẹ́dì tí ẹ fi họ́ọ̀mù sí, gbogbo rẹ̀ ni. Mo ń kìlọ̀, wọ́n ń gbé e. Màmá kan ní ẹran òun kì í ṣe ẹran, ó ní oògùn ni. Ata gbígbẹ nínú ìgò kékeré ni kí ẹ mú, torí oúnjẹ Jámánì dára ṣùgbọ́n kò mọ ata. Ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú nǹkan púpọ̀, títí kan ọbẹ̀ tí ẹ ò fura sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni mo ti ń kọ̀wé sí òtẹ́ẹ̀lì, mo sì máa ń tún un sọ fún alásè fúnra rẹ̀ bí a bá dé. Alẹ́ tí gbogbo rẹ̀ bá sú wọn, ilé oúnjẹ Turkey kan ò ní jìnnà.

Owó ńkọ́, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ẹ mú yúrò tòótọ́ dání, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ṣì wà tí kì í gba káàdì. Ní ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ etí Autobahn, ilé ìtọ̀ ń gba yúrò kan, ẹ ó gba ìwé kékeré kan tí ẹ fi lè dín owó ọjà níbẹ̀. Ike omi àti agolo ní owó ìdógò 25 sẹ́ńtì. Ẹ dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa gba owó yín. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀bù ń tì, nítorí náà ẹ má fi ọjọ́ ọjà sí ọjọ́ náà.

Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù máa ń fún olórí ìrìn-àjò ní làádà.

Àwọn kan ń fúnni. N kì í fi pamọ́. Mo máa ń sọ nínú máìkì pé, bí ẹ bá rà níbí, wọ́n á fún mi ní nǹkan, bí ẹ kò bá sì rà, mi ò ní bínú. Owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni ilé-iṣẹ́ ń san fún wa, kò pọ̀, ohun tí èrò bá fi sínú àpò ìwé lọ́jọ́ ìkẹyìn ló ń bù kún un. Awakọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn?

112 ni kí ẹ pè bó bá le. Bí kò bá le tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà sì ti tilẹ̀kùn, 116117. Káàdì GHIC, káàdì ìtọ́jú ìlera tí ìlú Ọba ń fún ará ibẹ̀ fún òkè òkun, ni kó wà lápò olúkúlùkù ará ìlú Ọba, pẹ̀lú adójútòfò. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní oògùn tiyín, bó ti wù kí ó mọ̀ yín tó.

Ìgbà wo ni ká lọ?

Oṣù karùn-ún, ìkẹfà, tàbí ìkẹsàn-án. Ní ẹ̀ẹ̀rùn líle, omi Rhine lè fà débi pé ọkọ̀ ojú omi ò ní lè rìn bó ṣe yẹ. Oṣù kejìlá ni ti ọjà Kérésìmesì, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti eré.

Fún ìjọ, mo ní ọ̀rọ̀ kan: Oberammergau, 2030. Ní 1633, àrùn ń pa abúlé náà, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí Ọlọ́run bá gbà wọ́n, àwọn á máa ṣe eré ìjìyà Jésù. Wọ́n ṣe é ní 1634, lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n sì ń ṣe é báyìí. Ti 2020 sún di 2022 nítorí Kòrónà. Ará abúlé fúnra wọn ni òṣèré, eré náà sì gba nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, wọ́n á dá a dúró kí gbogbo èèyàn lọ jẹun. Bí ìjọ yín bá fẹ́ lọ, àjọ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá láti ìsinsìnyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i tó báyìí, ṣé ẹ ṣì ń wo òkè?

Ní Königssee, adágún omi àárín òkè ní ìkángun Bavaria, ọkọ̀ oníná mànàmáná ni wọ́n ń lò láti 1909, torí náà omi náà dákẹ́ rọ́rọ́. Láàárín rẹ̀, atukọ̀ á pa ẹ̀rọ, á fọn fèrè idẹ sí ògiri òkúta, òkè á sì dá a lóhùn, ohùn kan náà gẹ́lẹ́. Ọdún tó kọjá, bàbá kan láti Ìdànrè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ṣí fìlà. Ó ní kí atukọ̀ tún un fọn, pé òkè kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Atukọ̀ tún un fọn. Mo gbọ́ ọ dáadáa, ó dùn mọ́ mi. Àga méje ló ṣófo nínú ọkọ̀ náà, méje ló sì yẹ kó ṣófo.